Ṣé òfófó ti ń gba ẹgbàá? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí i tí wọ́n ń jí oògùn ìjọba

Ìbéèrè láti Mọ́níyà:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa òfin àti iṣẹ́ ìjọba. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ ní sítọ̀ agbaṣẹ́ṣe kan n'Ìbàdàn níbí. Àwọn ló ń kó oògùn ibà àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tí ìjọba dá sílẹ̀ ní àdúgbò. Ó ní páálí 400 ni mọ́tò ń kó jáde, 600 ni wọ́n ń kọ sínú wébíìlì, ìwé tó ń bá ẹrù rìn, ẹni tó ń gbà á lọ́hùn-ún á sì fọwọ́ sí i pé ó pé. Ó ti tó oṣù 8 tó ti ń rí i. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Houston ní tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni, ọmọ yìí lè pe agbaṣẹ́ṣe náà lẹ́jọ́ lórúkọ ìjọba, kí wọ́n sì fún un ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá padà wọlé. Ṣé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ níbí? Ìyá rẹ̀ ní kó panu mọ́, pé òfófó ò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló ń mọ.

* * *

Ẹ jẹ́ n dáhùn kókó rẹ̀ kí àríyànjiyàn tó gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Rárá, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Kò sí òfin ní Nàìjíríà tó gba aráàlú láyè láti pe ẹni tó ja ìjọba lólè lẹ́jọ́ lórúkọ ìjọba, kó sì pín nínú ohun tó bá tìdí ẹ̀ jáde. Ohun tí a ní ni ètò ìtanilólobó tí iléeṣẹ́ ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní December 2016, nígbà tí Kemi Adeosun ń ṣe mínísítà. O ta ìjọba lólobó, ìjọba wádìí rẹ̀, tí owó bá tìdí ọ̀rọ̀ rẹ padà wọlé, wọ́n á fún ọ ní ìdá 2.5 sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ọwọ́ ìjọba ni ẹjọ́ wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí wọ́n bá gbé ìwé rẹ sínú dúrọ́ọ̀, inú dúrọ́ọ̀ ló máa wà.

Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Houston kò purọ́ o. Òfin tó ń sọ ni wọ́n ń pè ní False Claims Act. Ọdún 1863 ni wọ́n ṣe é, nígbà tí Lincoln ń ja ogun abẹ́lé, tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ń ta ìbaaka aláìsàn fún ìjọba, tí wọ́n sì ń da lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ ẹtù ìbọn sójà. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ nípa irú jìbìtì bẹ́ẹ̀ lè gba kóòtù lọ fúnra rẹ̀. Tí ìjọba bá gba ẹjọ́ náà ṣe pẹ̀lú rẹ̀, ìdá 15 sí 25 ni tirẹ̀. Tí ìjọba bá lóun ò ṣe, tó dá a jà tó sì borí, ìdá 25 sí 30. Ìdá 30 tí wọ́n ń sọ sí yín létí yẹn, ẹni tó dá ogun jà nìkan ló lè tó bẹ́ẹ̀.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé sábẹ́ ìbéèrè yìí láti Òkè-Àdó ní ohun tí ọmọ yìí fẹ́ ṣe kò dáa, pé ẹni tó ń jẹun nínú àwo kì í fọ́ àwo. Àwọn bíi mẹ́rin ti kín in lẹ́yìn. Ẹni kan tiẹ̀ pè é ní gbéborùn.

Mo mọ ìyàtọ̀ òfófó sí ohun tí à ń sọ yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Òfófó ni kí o gbé ọ̀rọ̀ ilé onílé kiri kí àárín èèyàn lè dàrú. Páálí 200 tí kò dé ilé ìwòsàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ẹnikẹ́ni. Mo ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì irú ilé ìwòsàn yẹn pẹ̀lú ìyá mi, kí Ọlọ́run ó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Láti aago méje àárọ̀ la ti wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó kọ oògùn sínú káàdì, ó ní ká lọ rà á lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì níta torí tiwọn ti tán. Oògùn tí ìjọba ti sanwó rẹ̀! Ọjọ́ tí owó bá wà, a ra kàádì oògùn kan; ọjọ́ tí kò bá sí, màmá á ní òun á fara dà á. Ẹ wá sọ fún mi ẹni tó ni àwo yẹn àti ẹni tó ń fọ́ ọ.

Mi ò bínú sí ìyá ọmọ náà ní tèmi. Ọmọ rẹ̀ ló ń dù.

* * *

Ìdí tí mo fi ń dá sí ọ̀rọ̀ yìí rèé. Lọ́dún 2009, mo wà ní ẹ̀ka ọ́dítọ̀ ọ́fíìsì ìjọba kan nílùú yìí. Mo rí vọ́ṣà méjì tí wọ́n san fún epo dísù. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n iye lítà bákan náà, nọ́ńbà ọkọ̀ tó gbé e wá bákan náà, nọ́ńbà rìsíìtì bákan náà. Ẹ̀ẹ̀kan ni epo wọ inú ọgbà. Mo gbé e tọ ọ̀gá mi lọ. Mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, mi ò ní ẹ̀dà lọ́wọ́, ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́, torí mo ka ọ̀gá náà sí ọmọlúàbí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n fi fáìlì sílẹ̀ fún òun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà tiránsífà dé. Ṣakí ni wọ́n gbé mi lọ. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà, ọmọ ò tíì pé ogójì ọjọ́. Nígbà tí mo padà wá béèrè fáìlì yẹn, wọ́n ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ò sí rí. Mo dúró níwájú káńtà, mi ò rí nǹkan kan tọ́ka sí, bí ẹni tó ń rọ́ àlá. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn, ju tiránsífà lọ.

Nítorí náà, tí mo bá ń tẹnu mọ́ ìwé, ìwé, ìwé nísàlẹ̀ yìí, ẹ má bínú.

* * *

Ìwé ló kàn. Ará Apẹ̀tẹ̀ ní kí ọmọ náà kó gbogbo wébíìlì sínú báàgì kó gbé wọn sálé. Ẹ jọ̀ọ́, kó má dán an wò. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́ tí ìwé ò sí ní sítọ̀, olè lọ́mọ náà dà, ẹjọ́ oògùn á parẹ́, ẹjọ́ ìwé ni gbogbo ayé á máa gbọ́. Yàtọ̀ síyẹn, ìwé tó wà níbi tó yẹ kó wà lágbára ju èyí tó wà lábẹ́ ibùsùn ẹnì kan lọ. Agbẹjọ́rò wọn á béèrè pé níbo lo ti rí i, ta ló tún fọwọ́ kàn án.

Kó ra ìwé kékeré kan. Lálaalẹ́ tó bá délé, kó kọ ọ́ síbẹ̀: ọjọ́, nọ́ńbà wébíìlì, nọ́ńbà mọ́tò, iye tó kà fúnra rẹ̀, iye tí wọ́n kọ, ilé ìwòsàn tó ń lọ, ibi tí ojúlówó ìwé náà wà ní ọ́fíìsì. Kó má kọ ohun tí wọ́n sọ fún un pọ̀ mọ́ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí. Ìwé tí iṣẹ́ rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́, tó jẹ́ pé òun ló ń kọ ọ́ tàbí tó ń fọwọ́ sí i, ìyẹn ló lè ya fọ́tò. Kó má ṣí dúrọ́ọ̀ ọ̀gá. Kó má wọ inú í-meèlì ẹlòmíì.

Arábìnrin kan láti Chálẹ́ǹjì béèrè pé ṣé kò yẹ kó ká ohùn ọ̀gá sórí fóònù. Èrò tèmi ni pé kó fi ìyẹn sílẹ̀ títí tó fi máa rí lọ́yà. Iye páálí tó kà tí mọ́tò kó jáde àti iye tí wọ́n kọ sínú wébíìlì ló máa tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ohùn ẹnikẹ́ni.

* * *

Níbo ló máa gbé e lọ? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń jà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní EFCC àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Abùjá.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ni owó. Tó bá jẹ́ owó ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi ra oògùn náà, ètò ọdún 2016 ń gbà á, ojú òpó iléeṣẹ́ ètò ìṣúná ni wọ́n ti ń kọ ọ́, èèyàn sì lè fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Tó bá jẹ́ owó ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀, ètò yẹn kọ́ ni ojúlé rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní àjọ tirẹ̀ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, OYACA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ Gómìnà Mákindé. EFCC tó wà ní Ìyágankú náà lágbára lórí owó ìpínlẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan gbé ọ̀rọ̀ pé EFCC kò bófin mu lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ilé ẹjọ́ sì da ẹjọ́ náà nù ní November 2024. ICPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ mìíràn tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, náà wà. Òfin ICPC ti ọdún 2000 ní kí wọ́n má tú orúkọ ẹni tó bá wá ta wọ́n lólobó síta. Òfin kan náà ní ẹ̀wọ̀n nílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ mọ́ èèyàn, nítorí náà kó sọ èyí tó rí, kó dákẹ́ lórí èyí tó ń rò.

Àwọn tó ní kó kọ ọ́ sórí Facebook kí ayé gbọ́, mi ò bá yín lọ. Ètò ọdún 2016 yẹn kì í sanwó lórí ohun tí gbogbo èèyàn ti mọ̀. Agbaṣẹ́ṣe á sì ti rí i kí ọlọ́pàá tó rí i. Á ti fi alẹ́ ọjọ́ kan tún ìwé sítọ̀ kọ.

Ní Amẹ́ríkà, bí ẹni bá gbé irú ẹjọ́ yìí wá, ìkọ̀kọ̀ ni kóòtù ń fi í sí. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ò ní mọ̀. Ọjọ́ 60 ni òfin sọ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sún un síwájú, nígbà míì fún ọdún bíi mélòó kan, kí ìjọba lè fara balẹ̀ wádìí. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá kọ́kọ́ dé kóòtù ló sì lẹ́tọ̀ọ́. Ẹnìkejì tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ kan náà wá lọ́la ti pẹ́ jù.

* * *

Ẹ wá gbọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an.

Gbogbo wa la ń pariwo ìdá 5, ìdá 30. Owó kọ́ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwa àti wọn. Ẹ rántí ilé gogoro Osborne n'Íkòyí, April 2017. Ẹnì kan ta EFCC lólobó, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n bá $43.4 mílíọ̀nù, £27,800 àti mílíọ̀nù 23.2 náírà. Inú wa dùn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ẹni tó ta wọ́n lólobó wá di àríyànjiyàn inú ìwé ìròyìn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Síbẹ̀, tirẹ̀ ṣì rọrùn, torí owó wà nílẹ̀ tí èèyàn lè kà. Owó tó fara pamọ́ ni ètò yìí ń wá, kí wọ́n rí i, kí wọ́n kó o, kí wọ́n bù fún ọ níbẹ̀.

Níbo ni owó páálí 200 ti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín wà? Wọ́n ti fi kọ́lé. Wọ́n ti fi ṣe ìsìnkú, wọ́n ti fi rán ọmọ lọ sí Kánádà. Kò sí yàrá kankan tí EFCC máa ṣí tí wọ́n á bá a níbẹ̀. Tí ìjọba ò bá rí owó kó, ìdá 5 nínú kí ni wọ́n fẹ́ fún un?

Òfin Amẹ́ríkà kì í béèrè ibi tí owó wọlẹ̀ sí. Ó ń béèrè pé ṣé o kọ ìwé irọ́ gba owó ìjọba. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta àdánù ìjọba lo máa san, pẹ̀lú owó ìtanràn lórí ìwé irọ́ kọ̀ọ̀kan. Wébíìlì 50, ìtanràn ọ̀nà 50. Ìdí nìyí tí iléeṣẹ́ ńlá fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Lọ́dún 2009, Pfizer san $2.3 bílíọ̀nù lórí bí wọ́n ṣe polówó àwọn oògùn kan fún ohun tí ìjọba ò fọwọ́ sí wọn fún. Àwọn mẹ́fà tó tú àṣírí náà pín lé ní $102 mílíọ̀nù. Kò sẹ́ni tó bá dọ́là nínú àpótí níbẹ̀. Ní ọdún ìṣúná 2024 nìkan, irú ẹjọ́ yìí tí aráàlú gbé wá jẹ́ 979.

Èkejì ni iṣẹ́ ẹni. Bí wọ́n bá lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́hùn-ún torí o tú àṣírí, òfin náà ní kí wọ́n gbà ọ́ padà, kí wọ́n san ìlọ́po méjì owó oṣù tí o pàdánù. Níbí, òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá tú àṣírí ìwà àìtọ́, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, agbaṣẹ́ṣe ló gbà á síṣẹ́. Ilé aṣòfin àgbà fọwọ́ sí àbá òfin tí yóò dáàbò bo irú rẹ̀ lọ́dún 2017, kò rí ìbuwọ́lù ààrẹ. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí òmíràn ní December 2022. Gánà ti ṣe tiwọn láti ọdún 2006, wọ́n sì fi ìdá 10 sí i.

Ẹni tó ní nǹkan òyìnbó ni, pé kò lè bá ìlú wa mu: àwọn òyìnbó pàápàá ò fẹnu kò. Ìlú ọba fagi lé irú ẹjọ́ yìí lọ́dún 1951. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1998 ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá sọ̀rọ̀, kò fún un ní kọ́bọ̀ nínú owó tó bá wọlé. Ní Amẹ́ríkà gan-an, adájọ́ kan ní Florida sọ lọ́dún 2024 pé kò bá ìwé òfin wọn mu kí aráàlú máa gbé ẹjọ́ ìjọba, wọ́n sì ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Èmi fara mọ́ ti Amẹ́ríkà. Ká ní mo lè fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí kóòtù n'Íyágankú lọ́dún 2009, fáìlì yẹn ò bá má sọnù, torí ẹ̀dà rẹ̀ á ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù.

* * *

Arákùnrin lọ́yà tó dá sí i láàárọ̀ yìí mú ọ̀rọ̀ kan wá tí mo gbójú fò. Ó ní òfin Amẹ́ríkà kì í wo ìlú tí ẹni tó pẹjọ́ ti wá, owó ta ni wọ́n jí ló ń wò. Òótọ́ ni. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò tí ààrẹ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ láti gbógun ti ibà ti ràn lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá jẹ́ pé nínú oògùn ibà yẹn, èyí kan wà tí owó Amẹ́ríkà rà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọdún 6 ni òfin wọn sábà máa ń fún èèyàn láti pẹjọ́, nítorí náà pípa tí wọ́n pa USAID, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ran ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́, rẹ́ lọ́dún 2025 kò pa jìbìtì tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ́.

Ẹ ní kó wo ara páálí. Ta ni orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀? Kó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré yẹn, pẹ̀lú nọ́ńbà ìpèsè oògùn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, lọ́yà tó mọ òfin Amẹ́ríkà ni kí ẹ wá, ibẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n Houston ti máa wúlò.

* * *

Ará Mọ́níyà ti padà wá. Wọ́n ní ọmọ náà sunkún nígbà tí wọ́n ka gbogbo èyí fún un, torí orúkọ òun náà wà lórí wébíìlì 11. Ọ̀gá ló ní kó fọwọ́ sí i, ó sì fọwọ́ sí i.

Ẹ dákun, ẹ má bú u. Ọmọ ọdún 24 tó ń wá owó ilé ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò ní èyí tí a lè parí níbí. Lọ́hùn-ún pàápàá, kóòtù lè dín owó ẹni tó bá pète jìbìtì náà kù, ẹni tí wọ́n bá sì dá lẹ́bi ọ̀ràn lórí rẹ̀ kò ní gba nǹkan kan. Níbí, kò sí ìwé kankan tó ṣèlérí pé wọn ò ní mú òun náà. Nítorí náà lọ́yà ló kọ́kọ́ kàn, kí ó tó dé OYACA, kí ó tó dé EFCC. Bí owó lọ́yà bá nira, àjọ aráàlú kan tí wọ́n ń pè ní AFRICMIL wà, wọ́n ti ń dúró ti àwọn tó ń tanilólobó láti ọdún 2017.

Láti òní lọ, kó má fọwọ́ sí wébíìlì tí kò bá pé mọ́. Bí wọ́n bá fi agbára mú un, kó kọ iye tó kà sí ẹ̀gbẹ́ ìbuwọ́lù rẹ̀, 400, kó fi ọjọ́ àti aago sí i. Kó kọ gbogbo 11 yẹn sílẹ̀ fún lọ́yà láìyọ ọ̀kan. Kó má tún bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ lórí WhatsApp, títí kan ẹ̀gbọ́n Houston. Ẹ̀yin ará Mọ́níyà náà, bí ẹ bá ti kọ nọ́ńbà mọ́tò síbì kankan lábẹ́ ìbéèrè yìí, ẹ pa á rẹ́ lónìí.

Mo ti fi orúkọ lọ́yà kan ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló ń gbàlejò, láti aago mẹ́wàá. Kó mú ìwé kékeré náà dání.